Strip ìtọ̀ tí mo rà kò purọ́: èmi ni n kò mọ ohun tí mò ń bi í

Ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Gate, n'Ìbàdàn, láti ọdún 1994. Ẹni tó bá ń ta tòkunbọ̀ kì í fi ojú lásán gba ọjà. Bí wọ́n bá gbé pọ́ǹpù epo wá fún mi, màá gbọ̀n ọ́n létí, màá fi bátìrì kàn án, màá gbọ́ bó ṣe ń kùn, kí ọwọ́ mi tó wọ àpò. Bí mo ṣe ń ṣe sí pọ́ǹpù náà ni mo ṣe sí ìgò strip tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, tí mo ti ń lò fún oṣù méje báyìí. Ìgò kẹta ni mo wà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ju ìdajì lọ fún ènìyàn.

Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún mi ní metformin, mo dín ẹ̀bà kù (ìyàwó mi á ní irọ́ ni), wọ́n sì ní kí n máa gún ìka mi láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan. Ìka èmi! Ìka tó ti ń tú nọ́ọ̀tì láti ọgbọ̀n ọdún, tí gíríìsì ti mu, tó ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Abẹ́rẹ́ á wọlé, ẹ̀jẹ̀ ò ní jáde. Màá fún un títí, èyí tó bá jáde kò ní tó, ẹ̀rọ á ní òun ò rí nǹkan kà. Strip kan ti ṣòfò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta strip ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rà ní ₦15,000. Nígbà tí oníbàárà mi kan wá sọ pé strip ìtọ̀ wà, ọgọ́rùn-ún nínú ìgò kan, ₦6,500, kò sí abẹ́rẹ́ kò sí ẹ̀jẹ̀, mi ò bi í léèrè méjì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ rà á.

Ìgò náà funfun, kò ga ju ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé lọ. Strip kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ, ó gùn díẹ̀ ju ìka àárín lọ, ojú mẹ́wàá ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: èyí fún ṣúgà, èyí fún ẹ̀jẹ̀, èyí fún púrótéènì, èyí fún kítóònù, títí lọ. Ẹ ó ki strip náà bọ ìtọ̀, ẹ ó yọ ọ́ lójú kan náà, ẹ ó nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu ife kí ìtọ̀ má bàa ṣàn láti ojú kan sí èkejì, ẹ ó ka ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ojú ṣúgà, ẹ ó wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ tó wà lára ìgò. Lórí tèmi, bí kò bá sí ṣúgà, ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ jọ aró. Bí ṣúgà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa ṣú, títí yóò fi dà bí ọ́ìlì tó ti lo oṣù mẹ́fà nínú ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn mẹkáníìkì, ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí: òdo, òdo, òdo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, inú mi dùn, mo lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa, mo jẹ àmàlà òkìtì mẹ́ta pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, mo sì fi mínírà tútù kan lé e. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òdo. Mo ní, ṣé ẹ rí i, àìsàn ti lọ.

Ní ọjọ́ tí mo padà sí kíníìkì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Èyí tí wọ́n fà kí n tó jẹun jẹ́ 164 mg/dl, ìyẹn mílígíráàmù ṣúgà 164 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní HbA1c, jẹ́ 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Méjèèjì ló ga. Dókítà, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí, wo ìwé, ó wo ojú mi.

"Alhaji, kí lẹ̀ ń jẹ?"

Mo yọ ìwé gbèsè mi. Mo fi òdo mẹ́rìnlá hàn án. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Kò rẹ́rìn-ín o, ó kàn gbé páálí oògùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èdè dókítà ló fi sọ ọ́. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni màá fi sọ.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kíndìnrín ń ṣa ìdọ̀tí lára ẹ̀jẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbá ṣọ́ọ̀bù, tó kọ́kọ́ kó gbogbo ọjà síta pátá, àtèyí tó dára àtèyí tó bàjẹ́, tó wá ń kó èyí tó wúlò wọlé padà, tó fi pàǹtírí sílẹ̀ kí gọ́tà gbé e lọ. Inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan, asẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní páìpù tín-ín-rín tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, omi tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ gba ojú asẹ́ wọ̀nyí kọjá tó 180 lítà. Ẹ má gbàgbé pé omi inú ẹ̀jẹ̀ wa lápapọ̀ kò ju nǹkan bí lítà 3 lọ; ìyẹn ni pé omi kan náà ni wọ́n ń sẹ́ ní bí ìgbà 60 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀, lítà kan sí méjì péré ni à ń tọ̀. Gbogbo ìyókù ni wọ́n ń kó wọlé padà.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glúkóòsì, kéré, ojú asẹ́ kò lè dá a dúró. Bí ṣúgà ènìyàn bá wà ní 100, gíráàmù kan ló wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 180 lítà sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù 180 ni kíndìnrín ń kó síta lójúmọ́. Mo dé ilé, mo gbé òṣùwọ̀n ìyàwó mi, mo wọn ṣúgà sínú abọ́: ṣíbí tíì márùndínláàádọ́ta ni. Ara tó bá ń da ìyẹn sí gọ́tà lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ gbẹ. Àwọn tó sọ àìsàn yìí ní àtọ̀gbẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Kí ni kì í jẹ́ kó dànù? Alábàárù ni. Àwọn tó mọ ọjà Bódìjà á mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá já ẹrù sílẹ̀, alábàárù ló ń rù ú wọlé. Ní ẹnu páìpù tín-ín-rín yẹn, àwọn alábàárù (púrótéènì kéékèèké tó ń gbé ṣúgà ni wọ́n) ti tò sílẹ̀, ẹgbẹ́ méjì sì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tó wà níwájú ń jẹ́ SGLT2, àwọn ló ń ru nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣúgà náà. Ẹgbẹ́ kejì, SGLT1, dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tó bá ja bọ́. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi ti ṣúgà lẹ́yìn kó tó gbé, dókítà sọ ìyẹn náà, mi ò dá a dúró níbẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí létí ni pé orí kan ṣoṣo ni alábàárù kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹrù bá wọ̀n níwọ̀n, wọ́n á rù ú tán, ilẹ̀ á mọ́ fefe. Bí ọkọ̀ bá já ju orí tó wà nílẹ̀ lọ, ẹrù á kù sílẹ̀, gọ́tà á sì gbé e. Ìgbà yẹn ni ṣúgà ń bọ́ sínú ìtọ̀.

Níbo ni ẹrù ti ń ju orí lọ? Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ kọjá 180 mg/dl. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń ka mmol, 10 ni. Lítà 180, gíráàmù 180, mílígíráàmù 180: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn bára wọn pàdé ni, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Ẹ wá wo tèmi. Láàárọ̀, mo wà ní 164. Ó ga, nítorí 80 sí 130 ni dókítà fẹ́ kí n wà kí n tó jẹun. Ṣùgbọ́n kò tó 180. Gbogbo ẹrù náà ni alábàárù rù wọlé, gọ́tà mọ́. Strip tí mo kì bọ gọ́tà ní gọ́tà mọ́, òtítọ́ ló sọ! Kò sọ fún mi pé ọjà kò kún. Èmi ni mo fi ojú gọ́tà wo ọjà, tí mo lọ jẹ àmàlà òkìtì mẹ́ta.

Ohun kejì tí mo bá strip yìí jà sí ni pé ìròyìn àná ló ń jẹ́. Ìtọ̀ tí ẹ tọ̀ láàárọ̀ ti wà nínú àpò rẹ̀ láti òru. Ṣúgà lè ti ga lágogo méjìlá òru, kó ti wálẹ̀ lágogo márùn-ún, strip á ṣì ní ó ga. Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí wọ́n kọ́ mi: ẹ tọ̀ èyí àkọ́kọ́ dànù, ẹ mu omi ife kan, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún tọ̀, èyí kejì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹyọ nọ́ńbà kan fún yín, kò sì lè kìlọ̀ bí ṣúgà bá wálẹ̀ jù. Yálà ṣúgà yín jẹ́ 110 tàbí 45, òdo kan náà ni. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó ń fi èyí ṣọ́ ara rẹ̀ ń fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ní ọjọ́ yẹn náà ni dókítà fi oògùn kan kún tèmi, dapagliflozin, 10 mg, ẹyọ kan láàárọ̀. Èrò pọ̀ níta, nọ́ọ̀sì ti ń pe ẹlòmíì. Ohun tí mo gbọ́ ni pé "ẹ ó máa tọ̀ díẹ̀ sí i." Mo ní kò burú.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ki strip bọ ìtọ̀, kí n tó ka 30, ó ti ṣú bí ọ́ìlì oṣù mẹ́fà. Mo ki òmíràn. Bákan náà. Àyà mi já. Mo lọ gún ìka, mo fún un bí ẹni ń fún ọsàn gbígbẹ: 121. Mo tún un gún: 118. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan, strip ìtọ̀ sì ń pariwo pé ó ti bàjẹ́ tán.

Ọkàn ọlọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú mi. Mo ní kí n dán an wò. Mo ki ọ̀kan bọ omi lásán: kò yí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wá bu ṣúgà oníhóró ṣíbí mẹ́ta sínú ife omi, mo rò ó dáadáa, mo ki strip bọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ o: kò yí! Omi ṣúgà gidi, tó dùn yùngbà, strip ṣúgà ní kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ó rí ṣúgà nínú ìtọ̀ mi, kò rí ṣúgà nínú ṣúgà. Mo ní wọ́n ti tà mí ní ayédèrú.

Mo gbé ìgò, mo gbé ife omi ṣúgà náà lọ́wọ́ kan, mo forí lé fámásì. Mo bá ọmọbìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ, màá tọrọ àforíjì lórí ìyẹn níhìn-ín pẹ̀lú. Kò bá mi jà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó mú agolo glúkóòsì oníyẹ̀fun kan lórí pẹpẹ, irú èyí tí a ń pò fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó fi orí ṣíbí bù ú sínú omi, ó ní kí èmi fúnra mi ki strip bọ̀ ọ́. Ó ṣú lójú mi.

Ó ní ojú ṣúgà orí strip yẹn ní ohun kan lára tí glúkóòsì nìkan ló mọ̀. Bí glúkóòsì bá kàn án, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ yí. Ṣúgà tí a ń fi sí tíì kì í ṣe glúkóòsì lásán. Glúkóòsì àti ṣúgà èso tó so mọ́ra wọn ni, àfi bí inú bá tú wọn. Bí a ṣe so wọ́n pọ̀ yẹn, strip kò mọ̀ ọ́n. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tó mọ ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìkan. Èmi tí mo ti ń ta kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti ìgbà ayé Abacha, ó yẹ kí n ti mọ ìyẹn.

Ó wá bi mí pé, "Oògùn wo lẹ̀ ń lò báyìí, Bàbá?" Mo fi páálí hàn án. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń dá àwọn alábàárù iwájú lọ́wọ́ kọ́. (Òun kò pè wọ́n ní alábàárù, èmi ni mo fún wọn lórúkọ.) Bí SGLT2 kò bá lè gbé ẹrù, gọ́tà á gbé e, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ wà ní 120. Àwọn ẹgbẹ́ kejì á sáré gbé èyí tí agbára wọn bá ká, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dànù tán. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí gíráàmù 70 ló ń bá ìtọ̀ lọ lójúmọ́. Nítorí náà, strip tó ṣú lọ́wọ́ mi kì í ṣe ìròyìn búburú mọ́. Ó ń sọ pé mo gbé oògùn mi mì.

Nígbà tí mo wọn gíráàmù 70 nílé, tó fẹ́ẹ̀ tó ṣíbí tíì méjìdínlógún, Ìyá Sáídì dúró tì mí. Ó ní, "Bàbá Sáídì, ṣé gbogbo èyí lẹ̀ ń tọ̀ dànù lójúmọ́, ní iye tí wọ́n ń ta ṣúgà yìí?"

Ọmọbìnrin náà tún sọ ìtàn kan fún mi tí mo fẹ́ràn. Lára èèpo igi ápù ni wọ́n ti rí ohun tó bí oògùn yìí. Ní 1835 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì yọ ọ́ jáde, wọ́n pè é ní phlorizin, torí ó korò ni wọ́n ṣe rò pé á wo ibà. Ní 1886, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ von Mering rí i pé ẹni tó bá lò ó á máa tọ ṣúgà. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó tún un ṣe dé ibi tí ènìyàn lè gbé mì láìsí ìgbẹ́ gbuuru. 2012 ni wọ́n fọwọ́ sí dapagliflozin ní Yúróòpù. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2020 sì fi hàn pé ó ń dín bí kíndìnrín ṣe ń bàjẹ́ kù, títí kan lára àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ. Èmi rí ìtàn yìí, mo fi bá aláàgbo àdúgbò wa ṣàwàdà, ó ní kí n bá òun wá èèpo igi ápù. Mo ní kò sí ápù ní Ìbàdàn tó dàgbà débi pé ó ní èèpo tí a lè bó.

Kò sí ohun tó dára tí kò ní ẹ̀gún tirẹ̀ lára. Ṣúgà tó ń gba ojú ara kọjá ń pe àwọn kòkòrò olú kéékèèké wá síbẹ̀. Ibẹ̀ ń yún mi lóṣù kejì, ojú tì mí láti sọ, nígbà tí mo sọ ọ́, oògùn ìpara ọjọ́ mélòó kan ló pa á. Sísan ara pẹ̀lú omi lẹ́yìn ìtọ̀, tí àwa Mùsùlùmí ń ṣe tẹ́lẹ̀, wúlò níbí, ṣùgbọ́n ẹ nù ún gbẹ. Bí èébì bá ń gbé yín, tí ẹ kò lè jẹun, ẹ má ṣe dúró ti strip kankan, ilé ìwòsàn ni, nítorí oògùn yìí lè sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan (ásíìdì á pọ̀ jù nínú rẹ̀) nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga. Kí oṣù Ramadan tó wọlé, ẹ lọ rí dókítà yín. Mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọjà náà. Àwọn ohun tó ti dà mí láàmú lórí rẹ̀ pọ̀, gbogbo wọn sì ní ọwọ́ èmi tàbí ti ìtajà nínú. Ìyàwó mi fi bílíìṣì fọ ife tí mo fi ń gba ìtọ̀, kò ṣàn án dáadáa. Omi lásán nínú ife yẹn ń mú ojú ṣúgà ṣú. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn mú mi, mo ń jẹ fítámì C bí ẹ̀pà, strip tó yẹ kó ṣú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí. Fítámì C ń dí i lọ́wọ́. Ìgò kejì tí mo rà, níbòmíràn ni, ẹnu rẹ̀ ti là kí n tó gbà á, ojú méjì lára strip ti yí àwọ̀ kí n tó kì wọ́n bọ nǹkan kan. Ọ̀rinrin ló wọ̀ ọ́. Mo dá a padà, wọ́n ní wọn kì í gba ọjà padà. Láti ọjọ́ náà, kí n tó sanwó, màá ṣí ìdérí, màá wo èdìdì, màá wo ọjọ́ tí yóò parí. Tẹ́ẹ bá sì ṣí i, ìwé inú páálí tèmi ní oṣù mẹ́ta ni. Mo fi bírò kọ ọjọ́ sórí ìdérí. Iná pupa inú ṣọ́ọ̀bù mi kò sì dára fún kíka àwọ̀. Ìta gbangba, lábẹ́ ojúmọmọ, ni mo ń kà á sí, ẹni tó bá ń wò mí á rò pé igi áísìkíríìmù ni mo mú dání.

Ọmọ mi obìnrin wà nínú oyún nígbà tí mo ní ìgò àkọ́kọ́, ó lo ọ̀kan, ṣúgà díẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Nọ́ọ̀sì ìgbẹ̀bí ní kó fara balẹ̀: nínú oyún, omi tó ń gba ojú asẹ́ kọjá ń pọ̀ sí i, ẹrù lè ja bọ́ láìsí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó dára. Àwọn kan sì wà tí wọ́n bí pẹ̀lú alábàárù tí kò péye, tí wọ́n ń tọ ṣúgà láti kékeré dọ́jọ́ ogbó, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní àléébù. Irú wọn kì í sábà nílò oògùn.

Ìbẹ̀rù ìtọ̀ dídùn ti pẹ́ láàárín wa. Ìyá bàbá mi máa ń wo ẹ̀yìn ilé bóyá èèrà ti ṣù bo ibi tí àgbàlagbà tọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ní láàbù ìjọba láyé ọjọ́un máa ń se tirẹ̀ ni: ìtọ̀ ẹ̀kán mẹ́jọ sínú omi Benedict aláwọ̀ búlúù, á gbé e ka iná, bó bá di ewé, ó kéré, bó bá di pupa bíríkì, wàhálà. Ní 1956 ni Helen Free àti ọkọ rẹ̀, Alfred, ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn kàn ń kì bọ ìtọ̀. Mo ń ronú kan Bùọ̀dá Láàbù, bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ìtọ̀ sísè lójoojúmọ́ ayé wọn, nígbà tí èmi ń ráhùn pé iná ṣọ́ọ̀bù mi pupa.

Bí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì: gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ìgò rẹ̀ dì dáadáa, 7 nínú 10. Fún ẹni tó fẹ́ mọ iye tí ṣúgà òun jẹ́, 2. Fún ẹni tó ń lo oògùn bíi tèmi tó tún fẹ́ fi mọ iye ṣúgà rẹ̀, òdo. Mo ṣì ń rà á, torí dókítà ní kí n máa fojú sí ojú púrótéènì, kí n mú un wá bó bá yí, bí wọ́n tilẹ̀ ń yẹ ìtọ̀ mi wò ní láàbù lọ́dọọdún. Strip ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń mọ ṣúgà. Apòògùn yẹn kọ́ mi pé kí n gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe orí rẹ̀, kí n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ọwọ́ kí n tó gún un. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde báyìí.

Kàmórù tó ń ta rédíétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń mu omi bí ràkúnmí láti ìgbà Iléyá, ó sì ń lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó jẹun ọ̀sán. Ojú ṣúgà rẹ̀ ṣú díẹ̀. Ó ní mínírà tó mu láàárọ̀ ni. Mo ní bóyá ni, bóyá kì í ṣe òun ni, kó jẹ́ ká jọ lọ sí fámásì kí wọ́n gún ìka rẹ̀. Ó ní òun ní oníbàárà tó ń bọ̀, ó di ọ̀la. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.